Ogún, Ọrọ̀ àti Owó-Orí: Òṣùwọ̀n Wo Ni Ó Tọ́?

Ìbà Olódùmarè. Ìbà Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín. Ìbà Èṣù Ọ̀dàrà tí ó ń gbé ẹbọ dé òde ọ̀run. Ìbà àwọn ìyá wa. Ìbà gbogbo àgbà awo tí ó ti ṣáájú wa lọ. Kí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ má ṣe di ìjà, kí ó má sì bọ́ sílẹ̀ lásán.

 

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan máa bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ó kan awo nínú owó-orí. Kí ni ó kàn wá nínú iye tí ìjọba ń gbà lórí ilé àti owó olóògbé? Ìdáhùn wa kò jìnnà. Nígbà tí bàbá ilé bá kú, a ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe ìsìnkú. Nígbà tí ìjà ogún bá sì dé lẹ́yìn ìsìnkú, àwa náà ni wọ́n ń pè kí a wá là á. Ohun tí a rí nínú ìlàjà bẹ́ẹ̀ ni ó mú wa yan kókó yìí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ojúbọ tiwa. Ìyá kan wà tí kì í pa ọ̀sẹ̀ Ifá jẹ. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ó sì kú láìṣe ìwé ìpíngún. Ohun tí ó fi sílẹ̀ ni ilé kékeré tí wọ́n ń gbé àti nǹkan bí mílíọ̀nù 3 náírà ní báńkì. Báńkì ní àwọn kò lè san owó náà fún ìyàwó tàbí ọmọ, àfi kí wọ́n lọ gba ìwé àṣẹ láti ṣàkóso ohun ìní olóògbé. Wọ́n dé ilé-ẹjọ́, wọ́n ní kí wọ́n san ìdá 10 nínú 100 iye owó náà, kí wọ́n sì wá onídùúró méjì. Ìdá 10 nínú mílíọ̀nù 3 jẹ́ ₦300,000, a kò tíì ka owó agbẹjọ́rò. Níbo ni ìyá yìí yóò ti rí i, nígbà tí owó tí ó ní wà nínú báńkì tí kò lè fọwọ́ kàn? Ó yá owó. Oṣù mẹ́rìnlá ni ọ̀rọ̀ náà gbà. Ọmọbìnrin rẹ̀ fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún odidi ọdún kan.

Ní àdúgbò kan náà, láàárín ọdún kan náà, oníṣòwò pàtàkì kan papò dà. Ilé rẹ̀ kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tí ó wà lórúkọ rẹ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ ni gbogbo wọn wà, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti jẹ́ ọ̀gá nínú ilé iṣẹ́ náà kí ó tó kú. Kò sí ìwé àṣẹ kankan tí wọ́n nílò, wọn kò sì san kọ́bọ̀ lórí ohun tí ó bọ́ sí wọn lọ́wọ́. A kò sọ pé wọ́n jí owó ìlú. Wọn kò rú òfin. Òfin fúnra rẹ̀ ni ó gbé ẹrù lé opó lórí tí ó sì ní kí ọlọ́rọ̀ máa rìn lọ́fẹ̀ẹ́.

Èyí ni ọ̀ràn tí a gbé wá síwájú yín. A kò wá sọ pé kí ìjọba má gba owó, a kò sì wá sọ pé kí ó gba ti ọlọ́rọ̀ tán. Ohun tí à ń béèrè ni òṣùwọ̀n.

Ẹ wo orúkọ tí àwa Yorùbá sọ nǹkan yìí: owó-orí. Owó tí a kà lé orí ènìyàn. Bí orí bá jẹ́ mẹ́wàá nínú agbo ilé, ọ̀nà mẹ́wàá ni, yálà orí tálákà ni tàbí orí olówó. Orúkọ náà ń rántí ohun tí ojú àwọn bàbá wa rí. Kí Òyìnbó tó dé, owó ibodè ni ìlú ń gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tí ń kọjá. Àwọn àgbẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀. Ará ìlú ń fi iṣẹ́ ọwọ́ tún ọ̀nà àti ààfin ṣe. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú owó-orí wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918, ogun ni ó dá sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Ogun Àdùbí. Wọ́n hú irin ojú ọ̀nà reluwé, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò.

Síbẹ̀ owó náà dúró, ó sì dé orí àwọn obìnrin. Ní Abẹ́òkúta, láti ọmọ ọdún 15 ni ọmọbìnrin ti ń san owó-orí tirẹ̀, yálà ó ní ọjà lórí àtẹ tàbí kò ní. Ní 1947, àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Ìyá Funmilayo Ransome-Kuti ṣáájú wọn, kọ̀ jálẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé ìhalẹ̀ àti ariwo nìkan ni wọ́n fi jà. Wọ́n béèrè ìṣirò: èló ni ó wọlé, kí ni wọ́n fi ṣe, ta ni ó dúró fún obìnrin níbi tí wọ́n ti ń pín in? Wọ́n dá owó-orí obìnrin dúró, Aláké Ademola Kejì sì fi ipò sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949. Àwọn tí a ń pè ní ìyá ọlọ́jà ni ó kọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ní ẹ̀kọ́ yìí pé owó tí ẹni tí ń san án kò lè béèrè ìṣirò rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìkógun.

Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ó tún kan àwọn àgbẹ̀. Ní 1968, ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà, owó-orí tí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń san ti tó nǹkan bí £8, nígbà tí owó kòkó kò dára, tí ọ̀nà oko sì bàjẹ́. Àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde, wọ́n rọ́ wọ ìgboro Ìbàdàn, Tafa Adeoye ará Akànran sì di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Ó di ìgbà tí Olóyè Ọbafẹmi Awolọwọ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ní 1969, tí a sì dín owó náà kù sí £2, kí ara tó rọ ìlú. Ohun tí ó bí wọn nínú ju iye owó náà lọ. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ kò mú àpò kòkó méjì jáde ń san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó ní ìdásí oko níbi mẹ́ta. Orí kan, owó kan. Òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ dọ́gba lójú ìwé, ó sì wọ́ ní ẹ̀yìn ẹni tí ó rù ú.

A fẹ́ kí ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú, nítorí pé òun ni yóò mú wa wọ inú ọ̀rọ̀ ogún.

Àwa Yorùbá kì í ṣe aláìmọ̀ nínú òṣùwọ̀n. A ní ọ̀nà méjì tí a fi ń pín ogún, àwọn méjèèjì sì ń pe ara wọn ní ọ̀nà ẹ̀tọ́. Ti àkọ́kọ́ ni ìdí-igi: ìyàwó kọ̀ọ̀kan tí ó bímọ jẹ́ ìdí igi kan, ìpín kan náà ni ìdí igi kọ̀ọ̀kan ń gbà, yálà ọmọ kan ni ó ní tàbí mẹ́fà. Ti èkejì ni orí-ò-jorí: iye ọmọ ni a ń kà. Ẹjọ́ tí ó lókìkí jù lórí èyí ni ti Dawodu àti Danmole, tí ó ti Èkó dé ọ̀dọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì dá ní 1962. Olóògbé náà ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án. Wọ́n pinnu pé ìdí-igi ni àṣà tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, pé orí-ò-jorí sì jẹ́ ohun tí olórí ẹbí lè lò nígbà tí ìjà bá dé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré wò ó. Ká ní bàbá kan tí ó ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án fi ilé 36 sílẹ̀. Ní ìdí-igi, ilé 9 ni yóò kan ìdí igi kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ kan ṣoṣo ni ìyàwó kan bí, ọmọ náà nìkan ni yóò gba 9. Ní orí-ò-jorí, ilé 4 ni yóò kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bàbá kan náà, ilé kan náà, ẹ̀tọ́ méjì. A kò fẹ́ dá ẹjọ́ tí àwọn àgbà ti dá. Ohun tí ó wù wá níbẹ̀ ni pé àwọn bàbá wa kò gbà pé kíka orí nìkan ni ìdọ́gba. Wọ́n mọ̀ pé ó yẹ kí a wo ibi tí ènìyàn dúró sí. Ó yà wá lẹ́nu, nígbà náà, pé àwa ọmọ wọn gbà fún ìjọba pé kí opó olùkọ́ àti ẹni tí ó ní ogún mílíọ̀nù máa san ìdá kan náà.

Ohun mìíràn tún wà nínú àṣà wa tí àwọn tí ń ṣòfin ì bá kọ́. Kí a tó pín ogún, gbèsè olóògbé ni a kọ́kọ́ ń san, àti ìnáwó ìsìnkú. Lẹ́yìn náà ni a ń ya ilé ẹbí sọ́tọ̀. Ilé ẹbí kì í ṣe ti ẹnìkan. Àrólé lè gbé inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá a tà. Ọmọ tí ìyà bá jẹ níbikíbi lè padà wá sùn síbẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn ojúbọ wa mìíràn wà títí di òní. Èyí túmọ̀ sí pé nínú gbogbo ogún, apá kan wà tí kò ṣeé fọwọ́ kàn, apá kan wà tí ó jẹ́ ti gbogbo ẹbí, èyí tí ó kù ni ti ẹnìkọ̀ọ̀kan. Apá kẹta yìí ni a rò pé ìlú lè fọwọ́ sí láìṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, bí ó bá pọ̀.

A mọ ohun tí àwọn kan nínú yín ń sọ nínú ọkàn, nítorí pé nígbà tí a ń jíròrò kókó yìí nínú ìpàdé wa, àgbà awo kan tí a bọ̀wọ̀ fún gidigidi sọ ọ́ sí wa lójú. Ó ní: ṣé kì í ṣe orí ni olúkúlùkù yàn wá? Ẹni tí ó yan ilé ọlá, tí wọ́n bí i sí ilé ọlá, kí ni ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ tún ìpín tí Ọ̀rúnmìlà jẹ́ ẹlẹ́rìí sí pín ni?

Ìbéèrè ńlá ni, a kò sì lè fi ẹ̀rín gbá a dànù. Ìdáhùn wa nìyí. Ìpín tí ènìyàn kúnlẹ̀ yàn jẹ́ tirẹ̀, kò sí ìjọba tí ó lè fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n dúkìá tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ kì í ṣe ìpín ọmọ. Èso ìpín bàbá ni. Orí bàbá ni ó là á, ẹsẹ̀ bàbá ni ó rìn ín, ẹbọ bàbá ni ó dà. Bí ọmọ bá gbà á, ẹ̀bùn ni ó gbà. Orí tirẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ tí ó ń dúró dè é kí ó fi ẹsẹ̀ àti ìwà ràn án lọ́wọ́. Gbogbo wa ni a ti rí ọmọ tí ó jogún ilé mẹ́wàá tí kò ku ọ̀kan mọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, a sì ti rí ọmọ aláàárù tí ó di ẹni ńlá. Bí ogún bá jẹ́ ìpín ni, kò yẹ kí èyí máa ṣẹlẹ̀.

Ó tún kù. Orí bàbá nìkan kọ́ ni ó kó ọrọ̀ náà jọ. Ẹ wo ilẹ̀ tí àwọn kan rà ní ẹ̀bá ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó àti ẹrẹ̀. Òní ni ẹ béèrè iye rẹ̀. Kí ni ẹni tí ó rà á ṣe sí i? Ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ ro ó. Ọ̀nà tí a fi owó gbogbo ìlú ṣe, iná ọba, èrò tí ó tú wá láti ibi gbogbo, àwọn ni ó sọ ilẹ̀ di góòlù. Ọwọ́ ìlú wà nínú ọrọ̀ náà. Bí ìlú bá ní kí a fi ìdá díẹ̀ ránṣẹ́ sí òun lọ́jọ́ tí ọrọ̀ ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, kò jalè. Ṣùgbọ́n bàbá ni àwa náà. A mọ̀ pé nítorí ọmọ ni ènìyàn ṣe ń jí ní kùtùkùtù. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ pé ìdá díẹ̀.

Àwa awo mọ bí a ti ń díwọ̀n ẹrù. Nígbà tí Ifá bá ní kí ènìyàn rúbọ, ó máa ń dá iye lé e. Bí ẹni náà bá sì ní òun kò ní in, a kì í lé e jáde. A ó fi ìbò bi Ifá léèrè, bóyá yóò gba èyí tí ó kéré. Agbára ẹni tí ó kúnlẹ̀ ni a ń wò, a kì í ka orí rẹ̀ lásán. Bẹ́ẹ̀ sì ni oúnjẹ ẹbọ tí a bá sè, ará ilé àti ará àdúgbò ni wọ́n ń jẹ ẹ́, ní gbangba, kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Èyí tí ọlọ́wọ́ kan bá gbé wọlé lọ ní òru, a kò mọ orúkọ tí a lè pè é, kì í ṣe ẹbọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ òfin ìjọba ní ṣókí. Ní 1979, ìjọba ológun ilẹ̀ Nàìjíríà ṣe òfin owó-orí lórí ogún àti ẹ̀bùn ńlá. Ó ń gòkè bí àtẹ̀gùn: ogún kékeré kò san nǹkan kan, bí ó bá ti ń tóbi ni ìdá náà ń pọ̀. Òṣùwọ̀n náà dára lójú ìwé. Ṣùgbọ́n kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní 1996, wọ́n fa òfin náà ya. Láti ìgbà náà, orílẹ̀-èdè wa kò ní owó-orí ogún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Àwa kò gbà. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdá 10 nínú 100 ni owó ìwé àṣẹ olóògbé. Bí ó ti wù kí ẹ pè é, owó tí a gbà lọ́wọ́ ajogún ní ìwọ̀n ohun tí ó jogún, owó-orí ogún ni. Àtẹ̀gùn ni wọ́n yọ kúrò. Ẹrù náà ṣì wà. Ẹni tí kò mọ bí a ti ń fi dúkìá pamọ́ sínú ilé iṣẹ́ ni ó ń rù ú.

Nígbà tí ìwé òfin owó-orí tuntun dé iwájú àwọn aṣòfin ní Àbújá ní 2024, gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ lórí owó tí ń wọlé fún ẹbí, irú èyí tí a kò lè ya ìpín ẹnìkọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀. Ariwo ta: wọ́n fẹ́ gba owó lórí ogún! Ní 2025, àwọn aṣojú-ṣòfin yọ gbólóhùn náà. Àwa pẹ̀lú dunnú nígbà náà. Nígbà tí a tún un rò, a rí i pé ilé ẹbí wa ni a ń dáàbò bò, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ní ogún ilé lórúkọ ilé iṣẹ́ kò sì wáyé rárá. Òfin tuntun náà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 ṣe ohun rere kan lórí owó iṣẹ́: ẹni tí owó-orí kàn lórí ₦800,000 tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́dún kò ní san, ìdá náà sì ń gòkè títí dé 25 nínú 100 fún àwọn ọlọ́rọ̀. Ó fi hàn pé àwọn aṣòfin mọ àtẹ̀gùn. Kí ni ó dé tí a kò gbé e dé ẹnu ọ̀nà ogún?

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún, Èkó sì ni a ti rí i. Òfin owó ilé àti ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Land Use Charge ti wà níbẹ̀ láti 2001. Ní 2018, wọ́n fi kún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo ìlú pariwo, wọ́n sì padà sẹ́yìn. Òfin mìíràn tún dé ní 2020. Ẹ fojú inú wo ìyá aláta kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí ó jogún ilé bàbá rẹ̀. Ilé náà lè tó ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù náírà lójú ẹni tí ń díye lé e. Àpò ìyá náà kò ní ju owó ata lọ. Òfin yọ ilé tí ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì ń gbé kúrò, ó yọ ààfin àti ilé ìjọsìn, ṣùgbọ́n aláta kì í fẹ̀yìn tì. Bí a bá ní kí a gba owó lórí dúkìá láìwo bóyá owó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, a ó fi owó-orí lé àwọn ọmọ onílẹ̀ jáde, àwọn ọlọ́rọ̀ ni yóò sì ra ilẹ̀ náà.

Ìbéèrè yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wa tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Níbẹ̀, ogún tí kò ju £325,000 lọ kò san nǹkan kan, iye yìí kò sì yí padà láti 2009. Èyí tí ó bá lé lórí rẹ̀, ìdá 40 nínú 100 ni. Ìdá ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: ohun tí ọkọ bá fi sílẹ̀ fún ìyàwó, tàbí ìyàwó fún ọkọ, wọn kì í sábà gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ilé tàbí ilẹ̀ ni, wọ́n lè gbà kí a san án díẹ̀díẹ̀ fún ọdún 10. Òyìnbó tí a ń bú pé kò mọ ẹbí ṣàánú opó. Àwa tí a mọ ẹbí ní kí opó lọ yá owó. Kò túmọ̀ sí pé gbogbo wọn gbà pé tiwọn tọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, àwọn àgbẹ̀ wọn ya wọ Lọ́ńdọ̀nù láti fi ẹ̀hónú hàn lórí ogún oko, ọ̀rọ̀ wọn kò sì jìnnà sí ti ìyá aláta wa: ilẹ̀ pọ̀, owó kò sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wọn: láti ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin ọdún 2025, ẹni tí ó bá ti gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún 10 nínú 20, ilé tí ó kọ́ sí Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú lè wà nínú ohun tí wọn yóò ṣírò nígbà tí ó bá kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀.

Kí a tó dá ìjọba lẹ́jọ́, ó tọ́ kí a jẹ́wọ́ tiwa. Nígbà tí òjò wó ògiri gbọ̀ngàn wa, a dá owó àtúnṣe lé orí ọmọ ẹgbẹ́: iye kan fún gbogbo ènìyàn. Olúwo tí ó ní mọ́tò méjì san án kí ó tó jókòó. Àwọn ọmọ awo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Ifá, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà, dáwọ́ wíwá ìpàdé dúró nítorí ìtìjú. Mẹ́ta nínú wọn ni kò padà mọ́. Àwa tí a mọ̀ pé Ifá ń dín ẹbọ fún aláìní ka orí ènìyàn bí ajẹ́lẹ̀ ìgbà Òyìnbó. Ìyánífá kan ni ó dìde tí ó béèrè pé, ṣé orí ni ẹ ń tún kọ́ ni àbí ògiri? Láti ọjọ́ náà ni a ti pín ọmọ ẹgbẹ́ sí ọ̀nà mẹ́ta ní ìbámu pẹ̀lú agbára wọn, tí a sì ń lẹ ìṣirò owó mọ́ ara ògiri tuntun náà lóṣooṣù. Owó tí ń wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ohun tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ gbé lọ bá àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ kò ṣòro. Kí owó ìwé àṣẹ olóògbé di iye kékeré tí ó tó owó iṣẹ́ akọ̀wé, kí opó àti ọmọ lè san án lára owó olóògbé fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí báńkì bá ṣí i, kì í ṣe ṣáájú. Kí ilé tí ìdílé ń gbé, ilé ẹbí, oko àti ojúbọ bọ́ kúrò nínú ìṣirò pátápátá. Lẹ́yìn èyí, kí owó-orí ogún padà fún àwọn tí ọrọ̀ wọn pọ̀ ní tòótọ́, kí ó máa gòkè bí àtẹ̀gùn, kí ó sì wo ẹni tí ó ni ilé iṣẹ́ tí ó ni ilé. Ẹni tí kò bá ní owó lọ́wọ́, kí ó san án díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n sì máa kọ iye tí ó wọlé àti ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn tí wọ́n ná an lé síta, ní èdè tí ìyá aláta lè kà.

Àwọn tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ náà, akọ̀wé ẹgbẹ́ wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn pẹ̀lú ìwé náà. Agbẹjọ́rò kan tí ó jẹ́ ọmọ awo yóò sì jókòó níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìwé ìpíngún tirẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níṣàájú ni ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ ní àárọ̀ yìí. Ó ku ₦85,000 kí ó tó san gbèsè rẹ̀ tán. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti padà sí ilé ẹ̀kọ́.